Apá Òsì Páálọ̀

Àbúrò ọkọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Bí ẹ bá gbé àga fún un, yóò gbọ́wọ́ lé e bí ẹni tó fẹ́ ná an, yóò sì máa rìn kiri inú yàrá. Yóò kan ògiri níbí, yóò ti ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, yóò ní, "Ìyàwó, ta ló ṣe ilẹ̀kùn yìí? O ò gbọ́ bó ṣe ń sunkún?" Gbogbo nǹkan ló ń sọ̀rọ̀ létí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ń sunkún, fèrèsé ń rojọ́, ìkòkò orí iná ń ṣépè. Eyínmẹ́nugún ni mo sọ ọ́ nígbà tí mo dé ilé wọn, torí eyín rẹ̀ tò bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n, òun náà sì mọ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó wọlé. Nítorí náà mò ń pọ́n ọn lé, òun sì ń pè mí ní ìyàwó, títí irun fi funfun lórí àwa méjèèjì.

Bàbá wọn fẹ́ kó kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ máa ń han bó bá ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá jáde lọ jẹun. Nígbà tí yóò fi padà dé, Eyínmẹ́nugún ti tú ẹ̀rọ náà kalẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó ń wá ohun tó ń han. Ó kúkú rí i. Bí yóò ṣe tò ó padà ni kò mọ̀. Ọ̀gá fi igi ìwọnṣọ lé e délé. Bàbá wọn wá ní ọmọ tó bá fẹ́ràn ariwo, kó kúkú lọ kọ́ iṣẹ́ ariwo, ni wọ́n bá mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe.

Iṣẹ́ yẹn gbà á. Nígbà tí mo fi bí àkọ́bí mi, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ láàárín onígbàjámọ̀ àti obìnrin kan tó ń ta bàtà. Ìfun rédíò ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dókè àjà. Bí èèyàn bá gbé ẹ̀rọ wá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, Eyínmẹ́nugún á gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é." Yóò tan ẹ̀rọ, yóò pajú dé, yóò dúró bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Lẹ́yìn náà yóò ní, "Rọ́bà rẹ̀ ló ti rọ̀," tàbí, "Eku ti jẹ fóòmù sípíkà yín," a ó sì tú u, a ó sì bá ojú eyín eku níbẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tó kọ́ ọkọ mi, èmi tí mò ń tan iná tọ́ọ̀ṣì fún wọn sì jí i kọ́. Bí sípíkà kan bá ń dún dáadáa tí èkejì ń kùn, má tíì tú nǹkan kan. Yọ wáyà ti ọ̀tún, fi í sí òsì, fi ti òsì sí ọ̀tún. Bí àìsàn náà bá tẹ̀lé wáyà lọ, inú àpótí ẹ̀rọ ló ti wá. Bí ó bá jókòó síbi tó wà, sípíkà ló ń ṣàìsàn. "Máa pààrọ̀ wọn ni," ó máa ń wí. "Ẹni tó jẹ̀bi kò ní ṣaláì tẹ̀lé ẹ̀bi rẹ̀."

Òun ló to ẹ̀rọ orin tó wà ní páálọ̀ wa fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àpótí dúdú kan tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, àti sípíkà onígi méjì tó ga dé ìbàdí mi, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ọkọ mi bá ti jí, kó tó bomi sójú, yóò ti tẹ̀ ẹ́. Orin yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Ó kọ́kọ́ mú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mú ahọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ń wọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, títí ọ̀rọ̀ náà fi tán.

A sin ín. Mo fi aṣọ bo ẹ̀rọ. Ilé wá dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bí ìrẹsì ṣe ń fa omi nínú ìkòkò. N ò lè jókòó lójú kan mọ́. Mo bá jókòó, mo dìde. Mo gbálẹ̀ tí mo ti gbá. Mo lọ ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́nì kankan, mo tì í, mo tún lọ ṣí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ká aṣọ kúrò, mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́. Olórin inú rẹ̀ lanu, ohùn rẹ̀ ń wọ́. Ó wúwo, ó lọ́ mọ́ra, ó dà bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ti sanra jù fún ẹnu. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo gbọ́. Mo yọ wáyà iná pátápátá, mo sì ránṣẹ́ pe Eyínmẹ́nugún.

Ó dé, kò jókòó. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó mirí.

"Rọ́bà tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì ni. Ó ti rọ̀. Ohun tí a kò bá lò, ìyàwó, ṣe ló máa ń gbàgbé iṣẹ́."

"Ṣé kì í ṣe pé ó ti kú?"

"Kí ló kú? Ó ń tòògbé ni."

Ó tú ìdí ẹ̀rọ, ó pààrọ̀ rọ́bà náà. Ó rẹ òwú sínú sípíríìtì, ó nu orí irin kékeré tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì títí ó fi ń dán. Bí ó ti máa ń ṣe láti kékeré iṣẹ́, ó wé òwú mìíràn mọ́ igi ìṣáná, ó rẹ òun náà sínú sípíríìtì, ó tì í bọ etí ara rẹ̀, ó sì yí i yíká. "Irin yìí ń gbọ́ràn, etí mi náà ń gbọ́ràn," ló wí. "Mi ò lè wẹ ọ̀kan kí n fi èkejì sílẹ̀ ní ìdọ̀tí."

Ó tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ohùn olórin yẹn jáde gooro, bí ẹni tó dìde lórí ibùsùn àìsàn, tó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Mo sá wọ ilé ìdáná kó má bàa rí ojú mi. Nígbà tí mo padà, mo bá a tó fajú ro.

"Ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yìí há," ó wí. Bí a bá kọjú sí wọn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn ló wà lọ́wọ́ òsì. "Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bò ó lẹ́nu."

Mo tẹ́tí. "Ó dún ketekete sí mi o."

"Ìyàwó, etí ọbẹ̀ ni etí rẹ. Bí ọbẹ̀ bá hó, o gbọ́. Èyí kì í ṣe ọbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó ní òsì náà ni. Ó gbé sípíkà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé ti fèrèsé lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹ. Ó ní òsì náà ni. Ó wá dúró sáàárín ilé, ó ń wo àwọn méjèèjì bí ọlọ́pàá tí olè méjì ń purọ́ fún.

"Wáyà kọ́. Sípíkà kọ́. Àpótí kọ́. A jẹ́ pé apá òsì páálọ̀ yìí ló ń mu ohùn."

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó bá páálọ̀ mi jà. Ó já kọ́tìnì sílẹ̀, ó ní aṣọ ló ń gba ohùn mu. Ó gbé àga onífóòmù síta. Ó dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àpótí ẹ̀rọ mìíràn, ó tún dé pẹ̀lú wáyà tó nípọn bí ìka. Ó ń gbé ohùn tín-ín-rín ti apá òsì sókè, ó ń gbé e sókè, títí ó fi ń gún mi nínú eyín. Òun á ní, "Ó ti ń bọ̀, ó ti ń bọ̀." Obìnrin tó ń gbé lókè wa sọ̀ kalẹ̀ wá, ó fọwọ́ bo etí méjèèjì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń pa?"

"A ò pa nǹkan kan, à ń tún ẹ̀rọ ṣe ni."

"Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe bàjẹ́, bóyá kò ní pariwo tó báyìí."

Eyínmẹ́nugún ò tilẹ̀ yíjú sí i. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló dúró sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn, ṣùgbọ́n mo gbà pé iṣẹ́ ló gbà á lọ́kàn.

Ìyàwó rẹ̀ ló la ojú mi. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í bẹ ilé wò láìnídìí. Ó wọlé, ó fi ìdí lé etí àga.

"Ìyálé mi, mo wá bá yín sọ̀rọ̀ ọkọ mi."

"Kí ló tún tú?"

"Àwọn oníbàárà ló ń tú. Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ padà wá. Wọ́n ní látìgbà tó ti tún un ṣe, ṣe ló ń gún àwọn létí. Káfíńtà ìdí ọ̀nà yẹn gbé tirẹ̀ dé lánàá, ó ní ọmọ òun ń sunkún bí òun bá ti tàn án."

"Kí lòun wí?"

"Ó ní etí káfíńtà ni ìró òòlù ti bàjẹ́. Ó ní gbogbo àdúgbò ló ti di adití. Ìyálé mi, onídìrí tó ń gbé ẹ̀rọ wá láti ọjọ́ yìí wá ti gbé tirẹ̀ lọ síbòmíràn. Bí wọ́n bá ń lọ báyìí, kí ni yóò kù? Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ ni kò ti rí bákan náà mọ́. Bí mo bá pè é pàápàá, kì í dá mi lóhùn."

"Ọwọ́ wo lẹ máa ń wà tí ẹ bá pè é?"

Ó wò mí bí ẹni pé ọ̀fọ̀ ti yí mi lórí. Ó ronú. Ó wá fi ìka méjì kan ètè. Apá òsì ọkọ rẹ̀ ló máa ń sùn sí lórí ibùsùn wọn.

Lẹ́yìn tó lọ, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri ilé. Láti fèrèsé dé ilẹ̀kùn, láti ilẹ̀kùn dé fèrèsé. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ṣé èmi elétí ọbẹ̀ ni yóò gbẹ́ ẹ? Ta ni yóò gbé rédíò lọ fún ẹni tí kò gbọ́ràn? Bí mo bá dákẹ́, ṣọ́ọ̀bù á kú lójú rẹ̀, yóò sì máa bá gbogbo ayé jà. Bí mo bá sọ ọ́, ó lè bínú kó má tún gbẹ́sẹ̀ wá sílé mi mọ́, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló kù láyé tó ń pè mí ní ìyàwó. Mo gbé omi kaná, mo gbàgbé rẹ̀ títí ó fi gbẹ.

Nígbà tó tún dé, wáyà tuntun ló so kọ́rùn. Mo ti gbé àga kan sáàárín páálọ̀.

"Eyínmẹ́nugún, ẹ jókòó."

"Mi ò ráyè ìjókòó."

"Látìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n yín, n ò tíì bẹ̀ yín ní nǹkan kan. Ẹ jókòó fún mi."

Ó wojú mi, ó jókòó. Ìdí rẹ̀ ò kúkú balẹ̀ tán. Mo tẹ ẹ̀rọ.

"Èwo ló há?"

"Àbí o fẹ́ dán mi wò ni? Èyí." Ó nàka sí ti fèrèsé.

"Ẹ dìde." Mo yí àga náà padà, mo mú kó kọ ẹ̀yìn sí àwọn sípíkà. "Ẹ jókòó padà."

"Orin là ń gbọ́ ni, àbí eré bojúbojú?"

"Ẹ ṣáà jókòó, ẹ pajú dé bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe."

Ó jókòó, ó pajú dé, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín yẹn sì ń tàn. Mo dúró síbi tí mo wà, n ò fọwọ́ kan wáyà, n ò fọwọ́ kan sípíkà.

"Èwo ló há?"

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló gbé sókè, kíá, láìronú. "Èyí náà mà ni! Ṣé mi ò..."

Ó lajú. Ìka rẹ̀ ń tọ́ka sí sípíkà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ló ń bá. Ó dìde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yí àga, ó jókòó, ó gbọ́. Ó tún un yí, ó jókòó, ó gbọ́. Àìsàn náà ń tẹ̀lé àga ká. Níkẹyìn ó ti ìka bọ etí ọ̀tún rẹ̀, ó di í pa, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Orin ń lọ lọ́wọ́.

"Ṣé ó ń dún?" ó bi mí.

"Ó ń dún."

"Dáadáa?"

"Dáadáa."

Nígbà náà ni mo rí ohun tí n ò rí rí: ó jókòó, ìdí rẹ̀ balẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mì, ọwọ́ rẹ̀ ò mì. Kásẹ́ẹ̀tì parí, ẹ̀rọ dá dúró fúnra rẹ̀, òun ò gbọ́.

"Má sọ fún àwọn tó ń gbé rédíò wá," ló wí bó ṣe ń lọ. Ó fi báàgì iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ ilé mi.

Mo retí rẹ̀, kò dé. Mo gbé báàgì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó wà ní títì. Mo lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ fi ojú júwe yàrá. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, etí ọ̀tún ló fi rọ ìrọ̀rí, kó má bàa gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni bá wí. Mo yí ká lọ síwájú rẹ̀.

"Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tó há wá fún yín, ṣé ẹ ó jù ú sí ààtàn láìtú u wò?"

"Fi mí sílẹ̀, ìyàwó."

"Mo bi yín ni."

Ó gbórí sókè díẹ̀. "Ta ni yóò tú èmi wò?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú etí là ń lọ. Ẹ wọ ṣòkòtò."

"Tí wọ́n bá ní ó ti bàjẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ báyìí ni?"

Dókítà tó ń wo etí, obìnrin kékeré kan ni, ó so iná mọ́ iwájú orí. Ó wo inú etí òsì náà títí, ó kígbe pe nọ́ọ̀sì kó wá wò ó. Ó bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ó ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó fà á, ohun kan jáde, dúdú, líle, ó gùn tó èékánná. Ó tú u wò nínú àwo. Òwú ni.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń fi sínú etí?"

"Òwú àti sípíríìtì."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Bí a ṣe ń nu orí ẹ̀rọ nìyẹn," ó wí, bí ẹni pé kò sí ohun tó tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ dán an wò, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òwú náà ti jáde, èyíinì ti lọ, ṣùgbọ́n ariwo tó ti ń gbọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ ti jẹ inú etí náà. Ohùn tó wúwo yóò padà. Èyí tó tín-ín-rín jù kò ní padà.

A jáde sí títì. Ọkọ̀ kan fun fèrè lápá òsì wa, Eyínmẹ́nugún fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Ó dúró, ó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ó padà," ó wí. Nígbà tó yá, ó ní, "Kò padà tán."

Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kó máa ta bàtà bíi ti obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní bàtà kì í sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, mo rí i pé ilẹ̀kùn ṣí, mo sì gbọ́ ariwo, mo sáré wọlé, mo rò pé ìjà ni. Káfíńtà ni. Òun àti Eyínmẹ́nugún ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ káfíńtà wà lórí tábìlì ní ìhòòhò. Eyínmẹ́nugún ti gbé àga kan síwájú ẹ̀rọ náà.

"Mo ní kẹ́ ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Etí òsì mi ò gbọ́ ohùn tín-ín-rín mọ́. Èmi ni mo ba tiyín jẹ́, n ò mọ̀. Màá tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ó máa sọ ibi tí mo bá a dé."

Mo di òpó ilẹ̀kùn mú. Káfíńtà wò ó, ó wo èmi, ó tún wò ó. Onígbàjámọ̀ ti yọrí láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà ti di ti àdúgbò nìyẹn, kò ṣeé kó mọ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ ní etí mi ti bàjẹ́?" káfíńtà wí.

"Mo wí bẹ́ẹ̀."

"Pé òòlù ló bà á jẹ́?"

"Mo sọ ọ́. Ẹ má bínú. Ẹ jókòó."

Káfíńtà fa ṣòkòtò sókè níbi orúnkún, ó jókòó bí ọba, ó káwọ́ gbera. Eyínmẹ́nugún fi sukudírafà yí nǹkan kékeré kan nínú ẹ̀rọ, orin ń dún.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ṣì ń gún mi."

"Báyìí?"

"Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Rárá, ẹ ti kọjá a."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo kàn fọwọ́ kàn án ni."

"Mo ní ẹ ti kọjá a! Ta ló ní etí nínú àwa méjèèjì?"

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ojú Eyínmẹ́nugún, mo rò pé yóò ju irin ọwọ́ rẹ̀ nù. Kàkà bẹ́ẹ̀, eyín yẹn yọ, ó tẹ̀ sórí ẹ̀rọ náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, díẹ̀díẹ̀, ó ń retí ohun tí káfíńtà yóò wí.